Ìyá Alábẹ́rẹ́ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Mu Tàdáwà

Gbogbo ẹni tó wá kí wa kú ará-fẹ́ra-kù ló ń sọ pé ìyá àgbà mi jẹ́ onísùúrù, pé wọn kì í bá ènìyàn jà, pé ohùn wọn kì í ròkè. Àmín ni mo máa ń dá wọn lóhùn, nítorí a kì í bá ẹni tó gbé ṣúgà wá síbi ọ̀fọ̀ jiyàn. Àmọ́ èmi Múnírà, tí mo bá wọn gbé, tí a jọ jà láti orí iyọ̀ ọbẹ̀ títí dé orí ẹ̀rọ, obìnrin tí wọ́n ń ròyìn yẹn, n kò pàdé rẹ̀ rí. Ìyá àgbà tèmi, bí wọ́n bá rí ìjà tó ń kọjá lọ ní títì, wọ́n á pè é wọlé, wọ́n á fún un lómi mu.

Sálámátù lorúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, ṣùgbọ́n Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ìlú Bantè mọ̀ wọ́n sí. Agbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ nílé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ nígbà náà rí i pé ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n, ó ní kí wọ́n wá máa bá òun di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa bá òun gún un lábẹ́rẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ ibi tí iṣan gbà kọjá nínú ìdí ènìyàn ju bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà Pira lọ.

Títí wọ́n fi darúgbó, bí wọ́n bá ti yọ ní ìkóríta, àwọn ọmọdé á fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí. Àwọn àgbà náà ńkọ́? Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń lọ sọ́jà, a pàdé jàndámù kan, ọlọ́pàá gìrìwò, ìbọn ń bẹ léjìká rẹ̀. Ìyá àgbà kí i. Ó dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì rọra fẹ̀yìn ti ògiri títí a fi kọjá. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di apá mi mú. "Ó ti gbàgbé ojú mi," ni wọ́n wí, "ìdí rẹ̀ ló rántí."

Nígbà tí ara ń di ara àgbà, wọ́n kó wá sí Savalou, wọ́n wá bá ìyá mi tó jẹ́ ọmọ wọn. Àpò abẹ́rẹ́ wọn ni wọ́n gbé dání, wọ́n gbàgbé àpò aṣọ sínú ọkọ̀. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní ibojì ni ilé ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni má kán àwọn lójú. Fún oṣù mélòó kan, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà láìríṣẹ́ ṣe, wọ́n ń wá ẹni tí wọn óò bá jà, títí ẹ̀rọ mi fi dé.

Tọ́ntọ́n Sùlé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àkọ́bí Ìyá àgbà, ló rà á. Kútọnu ni wọ́n ti ń ṣòwò. Lọ́dún 1997, wọ́n rí ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n ra èyí tí wọ́n ń lé kúrò: ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò sórí ìwé tó fẹ̀ tó ẹní ìkírun. Wọ́n fi mí sẹ́nu ẹ̀kọ́ fún oṣù mẹ́fà, mo gbàwé ẹ̀rí, mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ ògiri. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ló gbé ẹ̀rọ náà wá sí Savalou. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, ẹnì kan sì béèrè bóyá fìríìjì ni.

"Ìdánwò ni o, Múnírà," Tọ́ntọ́n ní kí wọ́n tó padà. "Bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa títí ìkórè kajú yóò fi parí, ó di tìẹ. Bí mo bá dé tí mo rí i pé o kò mọ̀ ọ́n lò, mò ń gbé e lọ sí Parakou. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń dúró dè é níbẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Gbogbo ará ilé ló ti sọ pé kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. N kò fẹ́ rán aṣọ, n kò fẹ́ ta gààrì. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé ni kí ẹ̀rọ yẹn dúró nínú ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé wa, kí ènìyàn láti Lougba àti Gouka máa wọlé wá béèrè pé ọ̀gá dà, kí n sì dáhùn. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń jí ní òwúrọ̀ lọ fọwọ́ kàn án kí n tó kí ìyá mi.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àpótí ike kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ náà, kàtúùṣì là ń pè wọ́n. Ọ̀kan gbé tàdáwà dúdú, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa, ọ̀kan yẹ́lò. Àwọ̀ mẹ́rin yìí ló ń pò pọ̀ tí wọ́n fi ń di ojú ènìyàn. Bí kàtúùṣì bá gbẹ, Kútọnu la ti ń ra tuntun, bí a bá rí i rà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi lọ́gbọ́n kan níbi ẹ̀kọ́: ènìyàn lè ra tàdáwà inú ìgò, kó fi abẹ́rẹ́ fà á, kó rọ ọ́ sínú kàtúùṣì tó gbẹ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò nílé, ọwọ́ mi gba àwọ̀ mẹ́rin, imú mi gba méjì. Ìyá àgbà ń wò mí láti orí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé.

"Ta ló kọ́ ọ lábẹ́rẹ́?"

"Ọ̀gá mi ní Kútọnu ni, Ìyá."

"Ọ̀gá rẹ ti gún ọmọ tó ń tàpá rí?"

"Rárá o."

"Kò tíì mọ nǹkan kan nìyẹn."

Wọ́n dìde, wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé ẹ̀rí mi ń wò wá láti ara ògiri, kò lè sọ̀rọ̀.

Kí n sọ òótọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n á fa tàdáwà, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á fi èékánná ta á kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ìyẹn ni èmi kì í ní sùúrù fún, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú kàtúùṣì á dá tàdáwà dúró lójú ọ̀nà, fọ́tò á sì jáde pẹ̀lú ìlà funfun bí aṣọ òfì. Wọ́n á wá máa tì í wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á máa sọ pé "ó tán, ó tán, má ké mọ́." Bí mo bá ní oníbàárà ń dúró, wọ́n á ní kí n lọ bá a ṣeré. "Ẹni tó ń kánjú," ni wọ́n máa ń wí, "afẹ́fẹ́ ló ń gún."

Wọ́n sọ àwọn kàtúùṣì náà lórúkọ pẹ̀lú. Dúdú ni Baálé, nítorí òun ló ń jẹun jù nínú ilé. Búlúù ni Àlùfáà, nítorí kì í dá ẹnikẹ́ni láàmú. Yẹ́lò ni wọ́n fi orúkọ ọkọ wọn tó ti di olóògbé pè, wọ́n ní òun náà, ènìyàn kì í mọ̀ pé kò sí nílé àfi bí àlejò bá béèrè rẹ̀. Pupa ni Ìyàwó Kékeré, orúkọ orogún wọn tó wà ní Bantè. Òótọ́ ni pé pupa ló tètè máa ń gbẹ bí a kò bá lò ó fún ọjọ́ méjì. "Bí o kò bá kí i lójoojúmọ́," Ìyá àgbà ní, "á gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, á tún ní ìwọ lo ṣẹ òun."

Ìyàwó Kékeré fúnra wọn wá kí wa lọ́jọ́ kan. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ti wọlé. Mo pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù, "Ìyá o, Ìyàwó Kékeré tún ti ń jò! Ṣé kí n dà á nù ni?" Wọn ò dúró jẹun. Mo ní kí a sáré tẹ̀ lé wọn lọ tọrọ àforíjì, Ìyá àgbà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. "Ṣé irọ́ la pa? Ṣé kò jò ni?"

Ọyẹ́ ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tàdáwà á gbẹ sí ẹnu ihò tóótòòtó tó gbà ń jáde, kò sì sí oògùn rẹ̀ nínú ìwé tí mo kà. Ìyá àgbà gbé ọpọ́n omi sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n rẹ ìró wọn kan sínú omi, wọ́n fún un, wọ́n fi bo ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀ kí ọ̀rinrin lè wà lára rẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í. Obìnrin ẹ̀yà Máhì kan tó múlé gbè wá yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó rí ni nǹkan gbọọrọ tí a fi ìró bò, àti Ìyá Alábẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó ń rọbí," Ìyá àgbà dá a lóhùn. Ojú wọn ò yí padà rárá.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́ta ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún abiyamọ. Mo ní ó yẹ ká sọ òótọ́ fún wọn. Ìyá àgbà ti bu tiwọn sínú igbá. "Mu tìẹ kó tó tutù. Tí wọ́n bá béèrè ọmọ, fi fọ́tò hàn wọ́n."

Ohun kan wà tí ìyá àgbà mi kò lè ṣe. Wọn kò lè sọ pé àwọn jẹ̀bi. Bí ọbẹ̀ bá jóná, iná ló pọ̀. Bí wọ́n bá tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni náà ló gùn jù. Mo rò pé iṣẹ́ wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gún ọmọ ẹlòmíràn lábẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyá ọmọ rí i pé òun ń ṣiyèméjì. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dá wa lágara, ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan péré tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Gbogbo fọ́tò ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá dé àárín, àwọ̀ á máa sá lọ. Mo nu ẹnu ẹ̀rọ, mo tún un nu. Mo rán an kó fọ ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta, tàdáwà ń ṣòfò. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi jà. Mo ní abẹ́rẹ́ wọn ni, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun ọ̀sán. Wọ́n ti fi ọ̀rá dí ìdérí búútà wọn pinpin nítorí èèrà. Wọ́n dà á, omi jáde díẹ̀, ó dúró. Wọ́n mì ín, ó ṣe gbúlúgbúlú, ó tún dúró. Wọ́n ṣí ọ̀rá náà kúrò, omi ya. Wọ́n dúró báyìí, ọwọ́ kan tutù, ọwọ́ kejì gbẹ, wọ́n wá bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù láìfọ ẹsẹ̀.

"Yọ Baálé jáde."

Mo yọ ọ́. Ihò méjì ló wà lórí kàtúùṣì: èyí tí a ń gba abẹ́rẹ́ sí, àti òmíràn tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ìyá àgbà, gẹ́gẹ́ bí alábẹ́rẹ́, kì í fi ihò sílẹ̀ láìdí. Bí wọ́n bá ti gún un tán, wọ́n á fi òwú nù ún, wọ́n á gé sìpàràdá, aṣọ funfun alẹ̀mọ́ tí à ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò, wọ́n á fi bo ihò méjèèjì. Èmi náà rí i lójoojúmọ́, n kò sọ nǹkan kan, nítorí ó mọ́ lójú. Wọ́n ká ti ihò kékeré kúrò lórí gbogbo wọn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fọ́tò jáde pé pérépéré. Afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé, tàdáwà kò sì ráyè jáde.

"Imú rẹ̀ nìyẹn," wọ́n sọ fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo dí i. "Ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀ ni ká dí. Ibi tó fi ń mí, má fọwọ́ kàn án."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ dí i!"

Wọ́n ń padà lọ parí àlùwàlá wọn. "Kàtúùṣì ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀ láti ìjẹta."

Láti ọjọ́ yẹn, a kò tún ní wàhálà. Ọdún yí, kajú pọ́n, wọ́n ká a, iṣẹ́ ń wọlé. Tọ́ntọ́n Sùlé ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá wo ohun tí mo fi ẹ̀rọ ṣe. Ọjọ́ kan náà ni Al-Hájì Bùráímọ̀ ń bọ̀ wá gba fọ́tò. Oníṣòwò iṣu ni wọ́n ní Gouka, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, wọ́n fẹ́ fọ́tò ara wọn pẹ̀lú láwàní tuntun, kó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n lè gbé e sí pálọ̀ kí àwọn àlejò àdúrà tó dé lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn á jókòó wo bí yóò ṣe jáde. Inú mi dùn. Kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ tí mo lè fi han Tọ́ntọ́n.

Lọ́jọ́rú, Ìyá àgbà lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bantè. Wọ́n ní láàárọ̀ Sátidé ni àwọn ń bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo rí i pé pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo lè dúró dè wọ́n. Àmọ́ mo fẹ́ kí n lè sọ fún Tọ́ntọ́n pé ọwọ́ mi ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo fa tàdáwà, n kò ta á léèékánná, mo tì í wọlé kíákíá. Ó kún jù. Pupa rú jáde láti ihò kékeré náà, ó kán sára bùbá mi tuntun. Inú bí mi burúkú. Mo gé sìpàràdá, mo fi dí ihò abẹ́rẹ́, mo gé òmíràn, mo fi dí imú rẹ̀. Mo ní màá ṣí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ fọ bùbá, mo sì gbàgbé.

Ní Sátidé, sẹ́míjàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Ìyá àgbà kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, eruku Bantè ṣì wà ní ìpéǹpéjú wọn, nígbà tí ọkọ̀ Tọ́ntọ́n dúró. Al-Hájì ti wà lórí àga. Mo tẹ bọ́tìnì. Láwàní jáde, ó funfun báláú. Iwájú orí jáde, ó ń dán. "Mà-ṣá-Allah," Al-Hájì ní. Ojú méjèèjì jáde. Nígbà tó dé imú, mo rí i pé ara wọn kò yá mọ́. Nígbà tó dé ẹnu, Al-Hájì ti ń di ewé. Àgbọ̀n wọn jáde ní àwọ̀ ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà kò sì dúró, ó ń bá a lọ sí ọrùn.

"Múnírà," Al-Hájì ní pẹ̀lẹ́, "ṣé àìsàn kan ń ṣe mí ni?"

Tọ́ntọ́n Sùlé dìde. Wọn kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló rọ pupa?"

Mo ti ń rí ẹ̀rọ mi lórí ọkọ̀, tí wọ́n fi okùn dè é, tó ń lọ sí Parakou. Ìyá àgbà ti lọ síbi ẹ̀rọ náà. Wọ́n ṣí i, wọ́n yọ Ìyàwó Kékeré jáde, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, èmi nìkan ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n rí sìpàràdá lórí imú rẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. Wọ́n mọ̀. Èmi náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀, mo ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí irú ìjà báyìí ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ tí mo ti gbàwé ẹ̀rí.

Wọ́n ká sìpàràdá náà kúrò, wọ́n yíjú padà, wọ́n gbé e sókè.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo rọ ọ́, èmi ni mo sì dí ibi tí kò yẹ kí n dí. Mo ti darúgbó, Sùlé. Má wo Múnírà, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Tọ́ntọ́n tó ti fẹ́ ki mí mọ́lẹ̀ kò mọ ohun tí wọn óò ṣe mọ́. A lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ àbúrò ẹni, àmọ́ kí ni a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá ẹni? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Al-Hájì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ pé ara àwọn ará Gouka ń yá, àmọ́ kò tíì dé orí kí wọ́n hu ewé. A tún un tẹ̀ láàárín wákàtí kan, pupa ń ṣàn dáadáa, Al-Hájì jáde bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Wọ́n gbé méjèèjì lọ. Mo gbọ́ pé aláwọ̀ ewé ń bẹ nínú oko kajú wọn, òun ló ń lé ọ̀bọ.

Tọ́ntọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó lọ. "Ẹ̀rọ dúró, Múnírà, o mọṣẹ́ rẹ. Àmọ́ Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan kàtúùṣì mọ́. Láéláé. Ẹ kó abẹ́rẹ́ fún Múnírà, òun ló kẹ́kọ̀ọ́."

Ìyá àgbà nà án sí mi níṣojú gbogbo wọn. Mo gbà á.

Wọ́n pa òfin náà mọ́. Ọwọ́ wọn ni mo wí o, kì í ṣe ẹnu wọn. Láti orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bá mi ṣiṣẹ́: "Ta á léèékánná. Mo ní ta á. Ṣé ẹja lò ń gún ni?" Bí oníbàárà bá wọlé, wọ́n á sọ fún un pé kó fara balẹ̀, pé ọ̀gá ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí mo bá bínú, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Mo fọwọ́ kan nǹkan ni?" Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò pé ọwọ́ Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti ń ṣìnà. Àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń gbé ọmọ wá kí wọ́n bá wọn wo ibà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé wa kọjá. Ìyá àgbà á kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì máa lọ.

Mo gbé abẹ́rẹ́ tọ̀ wọ́n wá lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá, Kútọnu ni Tọ́ntọ́n wà, wọn ò rí wa. Ẹ bá mi rọ Baálé." Wọ́n wo abẹ́rẹ́ náà bí ọmọdé ṣe ń wo àkàrà tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọn ò gbà á.

"Mo ti ní èmi ni. Ẹni tó ní òun ni, kó jẹ ìyà rẹ̀ tán."

"Màá sọ fún wọn. Màá sọ òótọ́."

"O kò ní sọ ọ́." Wọ́n ń tún ìborùn wọn wé. "Orúkọ tèmi, mo ti lò ó gbó. Tìẹ kò tíì gbẹ. Lọ fọwọ́ rẹ, oníbàárà ń bọ̀."

Mo lọ fọwọ́. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbọ́ràn, ìyẹn ni òótọ́ ibẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí ọdún iléyá bá dé, màá sọ ọ́. Ọdún iléyá dé. Mo ní ó di ìgbà tí Tọ́ntọ́n bá tún wá. Wọ́n wá nígbà mẹ́ta. Ìyá àgbà sì lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, lórí àpótí wọn, abẹ́rẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn.

Níbi àdúrà ogójì ọjọ́, Tọ́ntọ́n Sùlé sọ ìtàn náà fún gbogbo ìdílé, bí ìyá ṣe sọ Al-Hájì di ewé gbọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn, ẹnì kan ní ọjọ́ ogbó kì í ṣe ohun àmúṣeré, ọwọ́ tó gún gbogbo Bantè, ẹ wo ohun tó dà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń jà mí nínú láti ọjọ́ náà, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Tọ́ntọ́n, ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ìyá kò sí nílé. Bantè ni wọ́n wà. Èmi ni mo dí imú pupa.